Etí Ilẹ̀kùn Kọjú Síta

"Àlejò," ni ilẹ̀kùn náà wí.

Ìyùnadé fa súkúdíráfà yọ, ó sì tún bọ́tìnnì ìdánwò tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kó má baà jẹ́ pé ọwọ́ òun ló yá jù lákọ̀ọ́kọ́. Ilẹ̀kùn wá inú ara rẹ̀.

"Bámigbóyè Àkàngbé. Àlejò. Ó ti ń wọ yàrá yìí fún ọdún márùndínlógún àti oṣù mẹ́rin. Ó ti tọrọ àyè ní ìgbà ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé irínwó. Kò ní ẹ̀tọ́ ìdúró."

Bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ilẹ̀kùn ń pè ní "ó" yẹn. Àwọn ilẹ̀kùn Ilé Ìrọ̀rùn kò mọ "ẹ̀yin", wọn kò mọ "wọ́n". Àwọn tó ṣe wọ́n ló ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ máa ń gba àyè jù nínú ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyùnadé ti ń tún wọn ṣe, àfojúdi wọn kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn yàrá wọn pe bàbá òun ní àlejò, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yìí?" ló bi í.

"Òfin Ìdúró tuntun. Wọ́n kó o sínú mi lánàá."

Òfin tí wọn kò tíì dìbò lé lórí! Ọ̀sán òní ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Etí-Odò fẹ́ dìbò, ilé iṣẹ́ tó ni Ilé Ìrọ̀rùn sì ti kó o sínú ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n gbọ́ bí ó ṣe tọrọ àyè."

Ohùn Bàbá jáde lára igi. "Àgò onílé o!" Ó tún jáde, ti ọjọ́ mìíràn, pẹ̀lú ikọ́. Ó tún jáde, bàbá ń rẹ́rìn-ín, bóyá lọ́jọ́ tí wọ́n rí ẹja rà. Ilẹ̀kùn ń tò ó lọ láìdúró, àgò tẹ̀lé àgò, títí ó fi dé ọ̀kan tí ohùn náà tín-ín-rín, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Ìyùnadé mọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n ti ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀ dé ni. Ó tẹ bọ́tìnnì pa.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Ilé Ìrọ̀rùn mọ ìdí tí bàbá fi ń ké àgò. Láti ìgbà tí omi ti gba ìsàlẹ̀ ìlú, ìdílé mẹ́ta ló ń pín yàrá kan, kálukú pẹ̀lú ìyí tirẹ̀, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ lóòjọ́. Ìdílé Akínfẹ́nwá, Ìyá Dérìn àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn, ló ni ìyí òwúrọ̀ nínú yàrá kẹrìnlá yìí. Tí aago méjì ọ̀sán bá lù, ó di ti Ìyùnadé àti bàbá rẹ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ló ń sun òru níbẹ̀. Àtàǹpàkò ló ń ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó nílò láti tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò já wọ yàrá tí ìyàwó ẹlòmíràn ti ń wẹ ọmọ, tí kò ní kọ́kọ́ fọhùn? Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n á ké àgò, ẹni tó wà nínú á ní àgò yà, wọ́n á wọlé.

Ó ní kí ilẹ̀kùn ka iye gbogbo ilé náà fún òun. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé irínwó ènìyàn, igba ó lé méjìlá péré ni kì í ṣe àlejò. Ó ka orúkọ wọn lójú gíláàsì kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn. Ṣíjúwọlá ti àjà kẹsàn-án wà níbẹ̀, ọkùnrin tí gbogbo ilé ń bú nítorí pé ó máa ń já wọlé bá àwọn ènìyàn níhòòhò. Mọ́jọyin ti àjà kejì náà wà níbẹ̀, opó kan tó jẹ́ odi, tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Àtẹ́wọ́ ni Mọ́jọyin máa ń pa lẹ́nu ọ̀nà tó bá fẹ́ wọlé. Ilẹ̀kùn kì í ka àtẹ́wọ́.

Ohun tó wá dun Ìyùnadé jù ni pé òun alára ló tẹ ìka sí ìlà òfin tó fa èyí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Ọnọrébù Ṣówándé, tó ń gbè sẹ́yìn àwọn onílé, wá bá ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ní òun yóò dìbò fún àbádòfin wọn, àní òun yóò kó àwọn ènìyàn òun wá pẹ̀lú, bí wọ́n bá lè gba gbólóhùn kan péré láyè: pé kí ẹ̀tọ́ ìdúró jẹ́ ti ẹni tó ti gbé inú yàrá kan fún ọdún márùndínlógún láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó wọ̀ ọ́. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n rò pé ti àwọn tó ń yá ibùsùn ọ̀rẹ́ sùn ló ń sọ. Ìyùnadé, alága ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ tẹ ìka. Wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún Ṣówándé, ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò, ó sì sáré lọ wọ ọkọ̀ orí wáyà. Nísàlẹ̀, omi tẹ́ lọ rẹrẹ lórí ohun tó ti jẹ́ àdúgbò rí, òrùlé díẹ̀díẹ̀ ló ń yọrí. Bàbá ti fi ọ̀kan hàn án rí níbẹ̀, wọ́n ní ilé tí wọ́n bí àwọn sí nìyẹn. Ìyùnadé kò dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn mọ́. Lọ́nà ìlà oòrùn ni Pápá Kọ̀ńtẹ́nà wà, níbi tí wọ́n ń kó ayálégbé tí kò ní ẹ̀tọ́ ìdúró lọ, tí oòrùn ti ń se ènìyàn mọ́ inú irin. Nínú àgbà mẹ́tàdínlógún tí wọ́n kó láti àjà kẹta lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí ilé ẹjọ́ tó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná, mẹ́rin ló kù láyé. Àyà Bàbá kò sì dára. Ó ń ronú èyí títí ọkọ̀ fi dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.

Ọnọrébù Àjàdí, obìnrin ẹni ogójì ọdún tó gbé àbádòfin náà wá síwájú Ilé, ti ń dúró dè é lọ́nà àárín gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀gbọ́n Ìyùn, aṣọ iṣẹ́ lẹ tún wọ̀ wá! Ṣebí mo bẹ̀ yín."

"Ọnọrébù, ẹ má bínú mà. Ọ̀ràn ńlá wà nílẹ̀." Ó sì rò ó fún un, láti orí ilẹ̀kùn dé orí Mọ́jọyin.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọnọrébù. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Àgò? Àgò tí gbogbo wa ń ké yìí?"

"Òun náà ni mà."

"Èmi náà ka ìlà yẹn o. Mo kà á tó ìgbà mẹ́wàá." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jà. "Tó bá jẹ́ àjèjì ló kọ ọ́, ǹ bá fura."

"Ọmọ Yorùbá ni Ṣówándé mà. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé wọn. Ohun tó fi mọ ibi tó máa fọwọ́ bà nìyẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin kọjá, ó kí wọn, wọn kò sì mọ ẹni tó jẹ́.

"Ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò, Ọnọrébù. Ẹ jọ̀ọ́. Gbólóhùn kan péré ni."

"Kíkà kẹta la wà, ẹ̀gbọ́n. Tá a bá fọwọ́ kan gbólóhùn kan nínú ẹ̀, ó ti padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹẹkótó nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì ni Ilé yìí ń túká, àbádòfin tó bá ṣì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà ti kú. Ìdádúró ilé ẹjọ́ yẹn á kú tẹ̀lé e. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, wọ́n lè wá kó gbogbo yín, àti Mọ́jọyin."

"Tó bá wá wọlé bó ṣe wà ńkọ́?"

"Àwọn igba ó lé méjìlá yẹn ò ní lọ ibì kankan mọ́ láyé. Ọmọ wọn náà ò ní lọ."

"Àwa yòókù?"

Ọnọrébù kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé òfin ilé kì í padà sórí tábìlì àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá."

Ọdún mẹ́wàá. Bàbá á ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nígbà náà, tí wọ́n bá lè rí i. Òun ni yóò fi ohùn àwọn ayálégbé lélẹ̀ níwájú Ilé. Tí òun bá ní òun kò faramọ́ ọn, àbádòfin lè ṣubú, àwọn aṣòfin mìíràn lè gbé òmíràn dìde lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó dára jù báyìí lọ, kí ó kan gbogbo ènìyàn. Tàbí kí wọ́n má gbé nǹkan kan dìde. Tí òun bá sì ní òun faramọ́ ọn, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ pa lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn, pẹ̀lú bàbá tó bí i.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" ló bi Ọnọrébù.

"Mi ò lè sọ ọ́ fún yín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún yín, ẹ sọ gbogbo ohun tó wà níkùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ará ìlú, ọ̀rọ̀ méjì péré ló mọ̀: faramọ́, àti kò faramọ́. Láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì lẹ́nu yín, wọn ò ní dìbò rárá."

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ayálégbé ti Ilé Ìrọ̀rùn jókòó sẹ́yìn, wọ́n dé fìlà òféèfèé tí wọ́n jọ rán. Mọ́jọyin wà láàárín wọn pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta, tí ọ̀kan ń fi ọwọ́ túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Aṣòfin méjìlélọ́gbọ̀n ló wà níjókòó. Abẹnugan Ilé kan tábìlì.

"Ìyáàfin Àkàngbé, Ilé ń gbọ́ yín."

Ìyùnadé dìde.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo kí yín o. Atúnlẹ̀kùnṣe ni mí, mi ò mọ ìwé òfin. Ohun tí ilẹ̀kùn gbọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ohun tí kò gbọ́. Bàbá mi máa ń ké àgò kí wọ́n tó wọ yàrá wa. Gbogbo wa la máa ń ké e. Ọnọrébù Ṣówándé, ẹ má bínú sà, nígbà tẹ́ ẹ wá kí wa, ẹ̀yin náà ké àgò lẹ́nu ọ̀nà wa, èmi ni mo sì dá yín lóhùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣówándé náà rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n yìn.

"Ìlà kan wà nínú àbádòfin yìí tó ní ẹni tó bá ti ké àgò, àlejò ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́wàá alẹ́, àwọn tó ń sun òru a máa dé, àwọn náà a máa ké àgò. Bàbá mi ló ń dá wọn lóhùn pé àgò yà. Ta ló ń sọ àgò yà, ẹ̀yin ọlọ́lá? Ṣé àlejò ni? Iye ìgbà tí wọ́n tọrọ àyè náà ni wọ́n fún ẹlòmíràn láyè. Ilẹ̀kùn ò gbọ́ ìyẹn, torí ìta la kọjú etí ẹ̀ sí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń dè é mọ́bẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí n máa dè é nìyẹn, kò sí etí kankan nínú. Kò séyìí tó jẹ́ ìwà ọ̀daràn nínú ohun tá a ṣe. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọlá tẹ́ ẹ ní, ẹ wo ìlà yẹn. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà rí ibi tí agbára rẹ̀ ká láti máa gbé, kí wọ́n má sì lé e níbẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ ẹ̀. Ohun tá a ti ń sọ látọdúnmọ́dún nìyẹn, kò sí òmíràn."

Ó kù díẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta pé. Aṣòfin àgbà kan níwájú bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu ún, kò sì tètè dá a padà sójú. Lójú Ìyùnadé, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, ìrètí díẹ̀ sì sọ nínú rẹ̀.

"Ilé gbọ́ yín," ni Abẹnugan wí, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Ṣé ẹ faramọ́ ọn, àbí ẹ ò faramọ́ ọn?"

"Mo faramọ́ ọn tí wọ́n bá lè yọ ìlà…"

"Ohùn kò yé," ni ẹ̀rọ wí láti òkè àjà. "Faramọ́, tàbí kò faramọ́."

Ó bojú wẹ̀yìn. Àwọn onífìlà òféèfèé ń mi orí sí i, wọ́n ń fi ẹnu ṣe é láìfọhùn: faramọ́, faramọ́. Wọn kò tíì mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń ta. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ó ń bu epo sí ọ̀rọ̀ ni, bí olóṣèlú ti í ṣe. Ọmọ Mọ́jọyin tó kéré jù ti sùn lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mọ́jọyin rí i pé Ìyùnadé ń wo òun, ó sì pa àtẹ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba díẹ̀.

Ìyùnadé bínú sí i. Ó ṣe bí ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ó bínú sí odi náà tọkàntọkàn, pé kí ló dé tí kì í ṣe bàbá òun ni kò ní ohùn. Lẹ́yìn náà ojú ara rẹ̀ tì í.

"Mo faramọ́ ọn," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde lára ògiri gbọ̀ngàn ní lẹ́tà gàdàgbà: ÀKÀNGBÉ, FARAMỌ́. Gbogbo ohun tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ kò sí níbẹ̀. Wọ́n dìbò. Mọ́kàndínlógún ní kí ó di òfin, mẹ́tàlá ní rárá. Ṣówándé wà lára àwọn mọ́kàndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè. Àwọn ayálégbé bú sígbe ayọ̀, wọ́n gbé Ìyùnadé sókè lórí èjìká, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ọnọrébù Àjàdí rí i fà sí kọ̀rọ̀ kan nígbà tó yá. Ó ń sáré sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́, mo ti tún un yẹ̀ wò. Ààyè ìpẹ̀jọ́ kan wà. Ẹni tí ilẹ̀kùn bá pè ní àlejò, tí kò bá tọrọ àyè fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko látòní, lè pẹjọ́. Wọn ò sì gbọdọ̀ gbé e nínú ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ké e lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Ẹ lọ sọ fún Bàbá. Ẹ lọ sọ fún gbogbo wọn."

Aago méjì kò tíì lù nígbà tí Ìyùnadé dé àjà kẹfà. Bàbá ti dúró sẹ́nu yàrá kẹrìnlá, wọ́n gbé àpò oògùn wọn dání, wọ́n fara ti ògiri. Inú yàrá, omi ń dún, ọmọ kékeré kan ń sunkún.

"Ìyùn, wọ́n ní ẹ borí."

"A borí, Bàbá." Ó wá rò ó fún wọn, gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ń sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀ nítorí etí ilẹ̀kùn. Bàbá gbọ́ ọ, wọn kò bínú, wọn kò tilẹ̀ bi í ní ìdí tó fi tẹ ìka. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀kùn.

"Ọgbọ̀n ọjọ́," ni wọ́n wí.

"Ọgbọ̀n ọjọ́ péré, Bàbá. Ẹ kàn máa dákẹ́ ni. Ẹ tẹ àtàǹpàkò, kí ẹ wọlé."

"Ìyá Dérìn ń wẹ ọmọ nínú ibẹ̀. Bóyá kò wọṣọ. Ṣé kí n já bá a ni?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ wọlé. Tó bá ti wọṣọ, màá yọ ọwọ́ sí yín."

Aago méjì lù. Ìyùnadé tẹ àtàǹpàkò, ilẹ̀kùn ṣí, ó sì wọlé láìfọhùn, ó tì í padà díẹ̀. Ìyá Dérìn wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀, aṣọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ó ta gìrì, ó ké tòò, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó jẹ́, ó fi apá bo àyà, ojú rẹ̀ sì kún fún ìyàlẹ́nu àti ìtìjú.

"Ẹ̀gbọ́n Ìyùn! Ẹ̀yin! Ẹ ò kágò!"

Ìyùnadé fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ohùn Bàbá ti dún láti ìta. Igbe Ìyá Dérìn ti dé etí wọn, wọn kò sì lè dúró kí obìnrin kan máa rò pé ọmọ àwọn kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Àgò o, ìyàwó wa! Àgò onílé! Ẹ má bínú sí ọmọ mi, ó rẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe ìwà ẹ̀."

Ìyùnadé jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ìyá Dérìn fa aṣọ rẹ̀ sókè, ó so ó mọ́yà, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sunkún nílẹ̀, kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò yà, Bàbá," ló dáhùn. Inú yàrá ló ti sọ ọ́, kò sì wọ ìwé ẹnikẹ́ni.